Alùpùpù ní Òkè Àtàkórà: Ìrántí Ìgbà Yangí

Láàárín ọdún 1970 sí 1990, iṣẹ́ ìjọba ló sábà máa ń gbé ọmọ Àjàṣẹ́ ní gúúsù Benin dé òkè Àtàkórà, alùpùpù kékeré ló sì máa ń gbé e kiri nígbà tó bá débẹ̀. Àtàkórà ni orúkọ ọ̀wọ́ òkè tó la ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè Benin já; ó bẹ̀rẹ̀ láti gúúsù ilẹ̀ Ghana, ó gba inú Togo kọjá, ó sì nà dé etí ilẹ̀ Niger, òun náà ni wọ́n sì fi sọ ẹkùn ìjọba tí Natitingou jẹ́ olú-ìlú rẹ̀ lórúkọ. Bí a bá fi gíga nìkan wọ̀n ọ́n, kì í ṣe òkè tó yẹ kó dẹ́rù bani, nítorí pé Sokbaro, tí àwọn ìwé ń pè ní òkè tó ga jù lọ ní Benin, kò ju mítà 658 lọ, òkè Agou ní Togo sì fi ohun tó lé ní 300 mítà ga jù ú lọ. Síbẹ̀ àwọn tó gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀ nígbà náà kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òkè kékeré, wọ́n sì jàre, torí pé ewu ọ̀nà òkè kò sí nínú gíga rẹ̀ tó bó ṣe wà nínú ohun tí wọ́n fi tẹ́ ọ̀nà náà, nínú ẹrù tí wọ́n dì sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, àti nínú bí ibi tí ènìyàn ṣubú sí ṣe jìnnà tó sí ẹni tó lè gbé e dìde.

Ìdí tí àwọn ọmọ Àjàṣẹ́ fi pọ̀ nínú àwọn tí a ń sọ yìí kò fara sin. Àjàṣẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, ni olú-ìlú Dahomey, bí wọ́n ṣe ń pe Benin tẹ́lẹ̀, nígbà ìjọba àmúnisìn, ilé ẹ̀kọ́ sì tètè fìdí múlẹ̀ ní gúúsù ilẹ̀ náà débi pé Emmanuel Mounier, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ Faransé, fi Dahomey wé Quartier Latin, ìyẹn àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú Paris. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ń mú akọ̀wé, olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì jáde ju iye tí ìlú náà lè lò lọ, àwọn tó ṣẹ́kù sì ni wọ́n ń rán káàkiri gbogbo ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, títí di ìgbà tí wọ́n lé àwọn ọmọ Dahomey kúrò ní Côte d'Ivoire ní 1958, tí Niger náà sì lé wọn ní 1963. Láti ìgbà náà lọ, ẹni tó bá fẹ́ jẹ owó oṣù ìjọba kò ní ọ̀nà mìíràn ju pé kó gba ibi tí wọ́n bá rán an lọ nínú orílẹ̀-èdè tirẹ̀, Àtàkórà sì wà lára àwọn ibi tí ará gúúsù kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ nínú lẹ́tà ìgbéniṣípòpadà. Ọ̀pọ̀ ló ka irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sí ìyà. Mathieu Kérékou, ẹni tó gba ìjọba ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 1972, jẹ́ ọmọ Kouarfa ní ẹkùn náà gan-an, ìjọba rẹ̀ ló sì fi kún iye àwọn tó ń lọ: lẹ́yìn tí wọ́n tún ètò ẹ̀kọ́ tò ní 1975, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rán àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yege ìdánwò báàkì, èyí tí wọ́n fi ń jáde ní ilé ẹ̀kọ́ girama, lọ kọ́ àwọn ọmọdé ní abúlé gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ìsìn fún ìlú, wọ́n sì ń pè wọ́n ní olùkọ́ ọ̀dọ́ ti ìyípadà. Ọmọ ogún ọdún tí kò tíì sùn níbi tó jìnnà sí ọ̀sà rí lè bá ara rẹ̀ nínú oṣù kan ṣoṣo níwájú kíláàsì kan lórí òkè.

Ilẹ̀ Àjàṣẹ́ tẹ́jú. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ọmọ ìlú náà mọ̀ jù ni èyí tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí ọ̀sà, kò sì sí ẹni tó ń ronú nípa búrékì rẹ̀ kó tó sọ̀ ọ́. Ẹni tó ń lọ sí Àtàkórà nígbà náà á kọ́kọ́ dé Kútọnu, á wọ ọkọ̀ ojú irin tó ti ń dé Pàràkú láti 1936, á sì jókòó fún 438 kìlómítà, bí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá sì jẹ́ tirẹ̀, á wà nínú fọ́ọ̀gọ̀nù ẹrù lẹ́yìn. Ní ilẹ̀ Idaasha ni òkúta ti kọ́kọ́ ń yọrí sókè, níbi tí wọ́n ti ń sọ pé òkè 41 ló yí ìlú náà ká, àwọn ará Idaasha sì jẹ́ ẹ̀yà Yorùbá, nítorí náà arìnrìn-àjò ṣì lè bá wọn sọ̀rọ̀ láti ojú fèrèsé. Lẹ́yìn Pàràkú, ọkọ̀ akẹ́rù ló kù, tí á gba Djougou kọjá lọ sí Natitingou, kẹ̀kẹ́ á sì dùbúlẹ̀ láàárín àpò àti páànù. Ọ̀nà tó lé ní 500 kìlómítà ni, gbogbo ohun tí ènìyàn sì ti mọ̀ nípa kẹ̀kẹ́ gígùn ní ìlú rẹ̀ á ti di ohun tí kò wúlò tó nǹkan nígbà tó bá débẹ̀.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé irú kẹ̀kẹ́ tí à ń sọ, nítorí pé ẹni tó bá fi ojú òde òní wò ó lè máa rò pé kẹ̀kẹ́ ńlá àwọn eléré ìje ni. Ní Àjàṣẹ́, kẹ̀kẹ́ ni gbogbo ènìyàn ń pe èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ wà àti èyí tó ní ẹ́ńjìnnì pọ̀, nígbà náà sì rèé, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kò tó nǹkan. Mobylette, tí ilé iṣẹ́ Motobécane ń ṣe ní ilẹ̀ Faransé, ní ẹ́ńjìnnì tí kò pé 50 sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì, ó sì ní pẹ́dà méjì bíi ti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ tí ènìyàn lè fi ràn án lọ́wọ́ nígbà tí òkè bá le. Bẹ́líìtì rọ́bà ló ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sẹ́yìn, bí omi bá sì ta sí bẹ́líìtì yìí, á máa yọ̀ lórí irin, ẹ́ńjìnnì á máa ké, kẹ̀kẹ́ kò sì ní í lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Yamaha V80 dé, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní Mate, tó ní gíà mẹ́ta tí a ń fi ẹsẹ̀ yí láìsí pé a ń fi ọwọ́ fa ohunkóhun, tó sì ń gun òkè láìsí pẹ́dà. Àwọn iṣẹ́ àkànṣe tí owó òkèèrè ń gbé ró máa ń ra Yamaha AG 100, tí wọ́n ṣe fún àwọn àgbẹ̀, tó ní irin ìdáàbòbò yí ẹsẹ̀ ká àti ibi ìdìrù níwájú àti lẹ́yìn. Àwọn tó ń gun irú èyí ni àwọn olùkọ́ ń wò pẹ̀lú ìlara. Olùkọ́ fúnra rẹ̀, ohun tí owó rẹ̀ bá ká ló ń gùn, ohun tí owó rẹ̀ sì ká kì í sábà jẹ́ ohun tí wọ́n ṣe fún òkè.

Ọ̀nà náà ni yangí. Òkúta pupa yìí, tí wọ́n ń wà láti inú ilẹ̀ tí wọ́n sì ń tẹ́, máa ń le koko nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ṣùgbọ́n bí oṣù bá ti ń lọ, táyà ọkọ̀ á máa tú u, ojú ọ̀nà á sì kún fún hóró kéékèèké tó rí roboto, tó ń yí lábẹ́ táyà bí ìlẹ̀kẹ̀ tó já lórí ilẹ̀ símẹ́ǹtì. Ohun kejì tó ń ṣẹlẹ̀ sí i ni pé ojú rẹ̀ á máa dìde ní ìlà-ìlà bíi ti páànù ìbolé, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó gbẹ́ ẹ, àwọn táyà fúnra wọn ló ń dá a nípa fífò àti bíbalẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹni tó bá rọra rìn lórí ìlà wọ̀nyí, eyín rẹ̀ á máa gbọ̀n, bóòtù kẹ̀kẹ́ rẹ̀ á sì máa tú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá sáré díẹ̀ sí i, táyà rẹ̀ á máa ti orí ìlà kan bọ́ sí orí èkejì láìkan ilẹ̀ àárín wọn, ara á sì tù ú. Ìtura yìí ni ìdẹkùn, nítorí pé táyà tí kò fọwọ́ kan ilẹ̀ dáadáa kò ní agbára láti yí kẹ̀kẹ́ padà nígbà tí kọ̀nà bá dé, ọ̀nà òkè sì kún fún kọ̀nà. Lójú ọ̀nà tó ti Natitingou lọ sí Boukoumbé, nǹkan bí 45 kìlómítà, ọ̀nà náà á máa gun òkè, á máa yí, á máa sọ̀ kalẹ̀ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó lọ bá Togo, ẹni tó bá sì wá láti ìlú tó tẹ́jú, ìgùnsókè ló máa ń bẹ̀rù, láìmọ̀ pé ìsọ̀kalẹ̀ ló yẹ kó bẹ̀rù.

Àlàyé èyí wà nínú ẹ́ńjìnnì. Mobylette àti ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ìgbà náà kò ní ibi tí a ń da òróró sí lọ́tọ̀. Inú epo bẹntiróòlù ni wọ́n ti ń po ó pọ̀, tó fi jẹ́ pé epo tó bá wọ inú ẹ́ńjìnnì ló ń gbé òróró wọlé. Nígbà tí ènìyàn bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gígùn, tó dẹ ọwọ́ iná sílẹ̀ pátápátá, táyà ṣì ń yí ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú agbára, àmọ́ epo díẹ̀ ló ń wọlé, òróró sì ń tán nínú irin tó ti gbóná láti ìgbà ìgùnsókè. Bí irin bá lẹ̀ mọ́ irin, ẹ́ńjìnnì á dúró gbagidi, táyà ẹ̀yìn á dúró pẹ̀lú rẹ̀, kẹ̀kẹ́ á sì fì ní ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹni tó bá sì yọ ẹ́ńjìnnì kúrò kí irú èyí má bàa ṣẹlẹ̀, búrékì nìkan ló kù fún un, búrékì wọ̀nyẹn sì jẹ́ ti inú àgbá, níbi tí bàtà búrékì ti ń ha ara irin. Bí wọ́n bá gbóná jù, a ó máa fà wọ́n, wọn kò ní í mú. Ohun tí àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni pé kí wọ́n wà nínú gíà kékeré láti orí òkè, kí wọ́n máa fún un ní iná díẹ̀díẹ̀ kí òróró lè wọlé, kí wọ́n sì dúró ní àárín ìsọ̀kalẹ̀ bí ìrìn bá tilẹ̀ ń kán wọn lójú. Ẹ̀kọ́ yìí kò sí nínú ìwé kankan tí ìjọba fún olùkọ́ tó ń lọ sí abúlé, bẹ́ẹ̀ ni ó ti gba ẹ̀mí là ju ọ̀pọ̀ ohun tó wà nínú ìwé náà lọ.

Àkókò òjò ní ewu tirẹ̀. Ní àríwá, ìgbà òjò kan ṣoṣo ló wà, láti nǹkan bí oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá, omi tó bá sì rọ̀ sórí òkè kì í dúró síbẹ̀. Á dà wọ àfonífojì láàárín wákàtí díẹ̀. Dípò afárá, ohun tó wà lórí ọ̀pọ̀ odò kéékèèké ni pèpéle kọnkéré tí wọ́n tẹ́ sí ìsàlẹ̀ odò, kí omi lè máa ṣàn gba orí rẹ̀ kọjá. Nígbà tí omi bá mu kókósẹ̀, a lè gun kẹ̀kẹ́ kọjá. Nígbà tó bá mu orúnkún, títì ni. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó gbọ́n á jókòó sí etí odò títí omi á fi fà. Àwọn tí kò jókòó ló sọ ìtàn náà di ohun tí à ń rántí.

Kò sí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí ọ̀nà yìí fìyà jẹ tó àwọn tó ń gún abẹ́rẹ́ àjẹsára. Abẹ́rẹ́ wọ̀nyí gbọ́dọ̀ wà láàárín ìwọ̀n òtútù 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius, nítorí náà inú àpótí tí wọ́n to yìnyín sí ni wọ́n ń gbé e sí, wọ́n á dì í mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, àti láti ìṣẹ́jú tí wọ́n bá ti pa ìdérí rẹ̀ dé ni yìnyín náà ti ń yọ́. Ẹrù tó wúwo lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ máa ń mú kí táyà iwájú fúyẹ́ nígbà ìgùnsókè, kó má sì tẹ̀lé ọwọ́. Ṣùgbọ́n aago ló burú jù, torí pé ẹni tó mọ̀ pé yìnyín òun ń yọ́ kò ní í dúró ní àárín ìsọ̀kalẹ̀ kí búrékì lè tutù. Àtàkórà tún wà nínú ìgbànú yínrunyínrun, ìyẹn ilẹ̀ gbígbẹ tó nà láti Senegal dé Ethiopia, níbi tí àrùn tó ń mú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn yìí ti ń jà ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn náà sì ni ọyẹ́ máa ń gbé eruku bo òkè débi pé ènìyàn kì í rí kọ̀nà tó wà níwájú rẹ̀. Àsìkò tí ó yẹ kí ẹnikẹ́ni má gun kẹ̀kẹ́ gan-an ni iṣẹ́ ń pè wọ́n jù. Bákan náà ni ti àwọn tó ń gbógun ti àrùn ìfọ́jú etí odò, èyí tí kòkòrò dúdú kékeré kan tó ń pọ̀ níbi tí omi ti ń sáré láàárín òkúta máa ń fi sí ènìyàn lára: ètò ńlá tí orílẹ̀-èdè méje bẹ̀rẹ̀ ní 1974, tí olú-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ouagadougou, tó sì parí ní 2002, nílò òṣìṣẹ́ tí á máa lọ sí etí odò déédéé láti mú kòkòrò náà kí wọ́n lè kà á, odò tó ń sáré láàárín òkúta kì í sì í wà lẹ́bàá ọ̀nà.

Bí àwọn ará òkè ṣe ń gbé ilé wọn náà dá kún iṣẹ́ alùpùpù. Àwọn Betammaribè, tí àwọn àjèjì ń pè ní Somba, kì í to ilé pọ̀ bí ará Àjàṣẹ́ ti ń tò ó. Ilé alámọ̀ wọn, tó ní òkè àti ìsàlẹ̀ pẹ̀lú àká bí ilé ìṣọ́ ní igun rẹ̀, máa ń dá dúró láàárín oko tirẹ̀, ilé kejì á sì wà ní òkèèrè. Abúlé kan ṣoṣo lórí àwòrán ilẹ̀ lè gba gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ mẹ́ta. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí ní ìdí láti má fi tayọ̀tayọ̀ kí ẹni tó bá ti Àjàṣẹ́ wá pẹ̀lú ìwé ìjọba, nítorí pé láti 1914 sí 1917 ni ìjọba àmúnisìn fi ìbọn tẹ ìṣọ̀tẹ̀ tí Kaba ṣe olórí rẹ̀ rì ní ẹkùn yìí, àti pé títí òfin 1946 fi pa iṣẹ́ àfipáṣe rẹ́, ọwọ́ àwọn ará abúlé ni wọ́n fi ń la ọ̀nà nílẹ̀ àmúnisìn. Síbẹ̀, nígbà tí olùkọ́ tàbí nọ́ọ̀sì bá ṣubú sí ibi tí kò sí ọkọ̀ tó máa kọjá títí di ọjọ́ kejì, àwọn náà ló ń gbé e, lórí ẹní tàbí lórí igi tí wọ́n so pọ̀, lọ sí ibi tí wọ́n ti lè rí ọkọ̀. Láti 1970 tí ilé ìwòsàn Saint-Jean-de-Dieu ti ṣí ní Tanguiéta, lábẹ́ àwọn arákùnrin ìjọ Kátólíìkì, ó ti wà fún ẹni tí egungun rẹ̀ dá, bí a bá lè gbé e débẹ̀. Àwọn tó ń kọ ìtàn ìjọba ìgbà náà máa ń ka òfin àti àsọyé ọjọ́ ayẹyẹ. Ojúlówó ohun tí ìjọba jẹ́ lójú ará òkè ni ẹnì kan tó ti eruku pupa bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ kékeré, tó gbé ìwé tàbí abẹ́rẹ́ lọ́wọ́.

Ìparí oṣù ni ọ̀nà máa ń kún jù, torí olùkọ́ gbọ́dọ̀ dé ìlú ńlá kó tó rí owó rẹ̀ gbà. Nígbà tí àwọn báńkì ìjọba sì dẹnu kọlẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1980, tí owó oṣù kò jáde mọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ìrìn náà di asán, táyà tó ti jẹ tán kò sì rí arọ́pò. Ní Àjàṣẹ́, ìyà yìí kò le tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìlú náà wà lẹ́bàá ilẹ̀ Nàìjíríà: àyàfi ìgbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè rẹ̀ pa láti 1984 sí 1986, epo tí wọ́n ń gbé wọlé láti ibẹ̀, tí wọ́n ń pè ní kpayo, àti àlòkù irin kẹ̀kẹ́ kò jìnnà, òun ló sì jẹ́ kí iṣẹ́ zémidjan, ìyẹn fífi alùpùpù gbé èrò, èyí tó ti bẹ̀rẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní ìparí àwọn ọdún 1970, gbilẹ̀ dé Kútọnu. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí owó rẹ̀ kò jáde àti ọmọ ilé ìwé gíga tí kò ríṣẹ́ wà nínú àwọn tó wọ iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ láti òkè Boukoumbé pẹ̀lú àpótí yìnyín lẹ́yìn kò lè rí ohun tí á dẹ́rù bà á ní títì Àjàṣẹ́, bóyá èyí sì jẹ́ ara ohun tó ń mú kí wọ́n sáré ju bó ṣe yẹ lọ.

Togo ní àpẹẹrẹ ọ̀nà òkè eléwu tirẹ̀ tó gbajúmọ̀ ju ti Àtàkórà lọ, ní Alédjo, níbi tí wọ́n ti la òkúta sí méjì kí ọ̀nà ńlá tó ń lọ sí Kara lè kọjá, tí ọkọ̀ akẹ́rù tí búrékì rẹ̀ já sì ti ṣe ọ̀pọ̀ ọṣẹ́ kí wọ́n tó la ọ̀nà mìíràn yí i ká. Níbẹ̀, alùpùpù kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀. Ọkọ̀ ńlá ló ń lé e bọ̀. Àwọn ará Àtàkórà kò mọ irú ewu yìí dáadáa títí ọ̀dà fi dé ọ̀dọ̀ wọn.

Nígbà tí ọdún 1990 dé, tí àpérò gbogbogbò ní Kútọnu fi òpin sí ìjọba ìyípadà ti Kérékou, yangí ṣì ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọ̀nà ẹkùn náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀dà ń gun òkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó gba Djougou dé Natitingou, ó sì dé ọ̀nà Boukoumbé nígbà ìjọba Patrice Talon tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016. Àwọn kẹ̀kẹ́ India àti ti China tó gba ipò Mobylette àti Mate ní òróró tiwọn lọ́tọ̀, nítorí náà dídúró gbagidi ẹ́ńjìnnì lórí ìsọ̀kalẹ̀ ti di ìtàn, ṣùgbọ́n eré wọn pọ̀ ju ti àwọn ìṣáájú lọ, ọ̀nà tó dán sì ń gbà wọ́n láàyè láti sá a. UNESCO, tó ti fi ilẹ̀ àwọn ilé alámọ̀ náà ní apá Togo sínú àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé ní 2004, fi ti apá Benin kún un ní 2023. Láàárín àkókò kan náà, láti ìgbà tí wọ́n ti jí àlejò gbé ní ọgbà ẹranko Pendjari ní oṣù karùn-ún 2019 àti ìkọlù tó wáyé sí àwọn ọmọ ogun ní Porga ní oṣù kejìlá 2021, àwọn agbébọn tí alùpùpù jẹ́ ọkọ̀ ogun wọn jákèjádò Sahel ti sọ kẹ̀kẹ́ tó gbé àjèjì méjì di ohun tí a ń fi ìfura wò ní ẹkùn náà. Iṣẹ́ olùkọ́ àti ti abẹ́rẹ́ kò dúró ṣá. Títì ọlọ́dà ń gba ìsàlẹ̀ òkè lọ, ilé àwọn ènìyàn sì fọ́n ká sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń lọ kọ́ ọmọ tàbí tó ń lọ gún abẹ́rẹ́ á yà kúrò lórí ọ̀dà ní ibì kan, á bọ́ sínú gíà kékeré, yangí ni yóò sì gùn dé ibẹ̀.